Ẹ̀gẹ́ àti Àwọn Òṣìṣẹ́ Tí Ojú Kò Rí: Bí Ẹ́ńsáìmù Ṣe Ń Di Oníbàárà Rẹ̀ Mú



Iṣẹ́ tí a rán mi ni pé kí n ṣàlàyé, ní èdè tí ìyá tó ń yan gààrí àti ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì yóò jọ gbọ́, bí àwọn ohun tí a ń pè ní ẹ́ńsáìmù ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan lè béèrè bóyá èdè Yorùbá gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èsì mi kò gùn. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6 gbáko, sáyẹ́ǹsì kò sì gbẹ́yìn nínú ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Ohun tí a bá mọ̀ dájú, a ó rí ọ̀rọ̀ sọ ọ́. Ohun tí a kò bá lè sọ lédè wa, ó yẹ kí a tún bi ara wa bí a bá mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Ẹ̀gẹ́ ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní pákí tàbí gbágùúdá. Ìdí méjì ló fà á. Èkíní, kò sí ilé kan ní Rẹ́mọ, láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, tí gààrí, fùfú tàbí láfún kì í wọ̀. Èkejì, ohun tí ẹ́ńsáìmù ń ṣe nínú ẹ̀gẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè fi owó díẹ̀ ra àrùn ńlá.

1. Ògiri Tó Wà Láàárín Wọn

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí gbogbo wa ti fojú rí. Ṣàgámù jẹ́ ìlú obì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba ọjà obì kọjá mọ̀ pé bí a bá fi ọ̀bẹ gé obì, tí a sì fi í sílẹ̀ díẹ̀, ojú ibi tí a gé yóò yí padà, yóò di àwọ̀ ilẹ̀. Obì tí a kò gé, tí a fi ewé wé dáadáa, lè pẹ́ títí kí inú rẹ̀ tó yí padà. Kí ni ọ̀bẹ ṣe? Kò da nǹkan kan sínú obì. Ògiri ló wó. Inú obì pín sí yàrá wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, àwọn tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Ẹ́ńsáìmù kan wà ní ibì kan nínú yàrá náà, ohun tí í máa ṣiṣẹ́ lé lórí wà ní ibòmíràn. Ìgbà tí ògiri wó ni wọ́n pàdé, tí afẹ́fẹ́ sì dá sí i, ni àwọ̀ bá yí.

Bákan náà gẹ́lẹ́ ni ti ẹ̀gẹ́, àfi pé ohun tí ó ń jáde lára tirẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ lásán. Nínú omi tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gẹ́ ni ohun kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ linamarin. Linamarin jẹ́ ṣúgà kan, glúkóòsì, tí a so mọ́ ègé kékeré kan, inú ègé yìí ni sáyánáìdì fara pamọ́ sí. Bí ó ti wà ní síso bẹ́ẹ̀, kò yára ṣe ibi. Nínú ògiri sẹ́ẹ̀lì, àti nínú ọ̀nà tí oje funfun ẹ̀gẹ́ ń gbà, ni ẹ́ńsáìmù tó lè tú u wà. Linamarase ni orúkọ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀gẹ́ bá wà lódidi, ẹni méjì yìí kì í fojú kanra. Ṣùgbọ́n bí òkété bá gé e jẹ, tàbí kòkòrò bá gbẹ́ ẹ, ògiri wó, linamarase bá linamarin, sáyánáìdì bọ́ sílẹ̀ sí ẹnu olè. Ohun ìjà tí ẹ̀gẹ́ fi ń ṣọ́ ara rẹ̀ nìyẹn.

2. Ta Ni Ẹ́ńsáìmù?

Àwọn ìyá wa tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti ń lo ẹ́ńsáìmù kí ẹnikẹ́ni tó fún un lórúkọ. Wọ́n rẹ àgbàdo títí ó fi hù, nítorí wọ́n mọ̀ pé àgbàdo tó hù ni í dùn. Ní 1833, àwọn ará Faransé méjì, Payen àti Persoz, rí i pé nínú ọkà tó ti hù ni ohun kan wà tí í sọ ìyẹ̀fun di ṣúgà. Ní nǹkan bí 1877, Kühne, ará Jámánì, mú orúkọ ẹ́ńsáìmù jáde láti inú èdè Gíríìkì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ‘nínú ìwúkàrà’. Ní 1897, Eduard Buchner lọ ìwúkàrà kúnná títí kò fi sí ẹ̀mí kankan mọ́ nínú rẹ̀, síbẹ̀ oje rẹ̀ ṣì sọ ṣúgà di ọtí. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé kò dìgbà tí ẹ̀mí bá wà kí iṣẹ́ yìí tó ṣe é ṣe, ohun èlò kan ló ń ṣe é. Ní 1926, James Sumner ní Amẹ́ríkà yọ ẹ́ńsáìmù kan jáde ní mímọ́ láti inú irú ẹ̀wà kan, ó sì fi hàn pé purotéènì ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ìgbà náà kò gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ní 1946 ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un.

Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn kan. Oríṣi ìlẹ̀kẹ̀ 20 ló wà. Àwọn kan fẹ́ràn omi, àwọn kan ń sá fún un, àwọn kan ní agbára iná mànàmáná tó ń fà, àwọn mìíràn ní èyí tó ń tì. Nítorí náà okùn yìí kì í nà tantan. Ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ, ní ìgbà kọ̀ọ̀kan sí àpẹrẹ kan náà. Níbi tí ó bá ká sí, kòtò kékeré kan máa ń wà lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ń pè ní ojú iṣẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa òní dá lé.

3. Ojú Iṣẹ́ àti Oníbàárà

N ó máa pe ohun tí ẹ́ńsáìmù ń ṣiṣẹ́ lé lórí ní oníbàárà rẹ̀. Linamarin ni oníbàárà linamarase. Bí oníbàárà bá wọ ojú iṣẹ́, kì í ṣe okùn líle ni a fi ń dè é. Àwọn ìfàmọ́ra kéékèèké ni, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò lágbára, ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn papọ̀ lè dì í mú fún ìwọ̀nba àkókò tí iṣẹ́ nílò. Ẹni tí àpẹrẹ rẹ̀ kò bá bá ojú iṣẹ́ mu kò ní rí ibi tí yóò dì mú.

Ní 1894, Emil Fischer, ará Jámánì, fi èyí wé kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo. Àfiwé rẹ̀ tọ́, ó sì ṣàlàyé ohun púpọ̀. Itọ́ ẹnu wa ní ẹ́ńsáìmù tí í tú gààrí sí ṣúgà, bẹ́ẹ̀ glúkóòsì ló so mọ́ra nínú gààrí, glúkóòsì náà ló sì wà lára linamarin. Síbẹ̀ ẹ́ńsáìmù itọ́ kò lè fọwọ́ kan linamarin, nítorí pé ọ̀nà tí ìsoso tirẹ̀ kọjú sí yàtọ̀. Kọ́kọ́rọ́ náà jọ ọ́, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ kọjú sí ibòmíràn.

Ṣùgbọ́n àgádágodo kì í yí ara padà nítorí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńsáìmù ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1958, Daniel Koshland ní Amẹ́ríkà sọ pé ojú iṣẹ́ máa ń tún ara rẹ̀ ṣe bí oníbàárà bá ti ń wọlé. Lójú tèmi, fìlà wa ló ṣàlàyé èyí jù. Fìlà tó wà lórí tábìlì kò ní ìrísí kan pàtó. Ìgbà tí ó bá gun orí ni ó tó mọ ibi tí yóò tẹ̀ sí àti ibi tí yóò dúró. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo orí ni fìlà kan gbà. Bí ẹ́ńsáìmù bá sì ti dé oníbàárà rẹ̀ báyìí, ó lè lé omi tí kò yẹ kúrò, kí ó sì mú àwọn apá tí yóò fi ṣiṣẹ́ sún mọ́ ibi tí iṣẹ́ wà.

4. Bí Iṣẹ́ Ṣe Ń Yá

Ìsoso tó wà nínú linamarin kì í ṣe èyí tí omi lásán lè tú lọ́wọ́ kan. Àwọn tó ti wọn irú ìsoso bẹ́ẹ̀ nínú igi àti òwú sọ pé bí a bá fi í sínú omi nìkan, láìgbóná, yóò tó nǹkan bí 5 mílíọ̀nù ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó tú. Ẹ́ńsáìmù ń tú irú rẹ̀ ní ìgbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Báwo ló ṣe ṣe é?

Ẹ rántí pé kí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó ṣí ní 1978, ẹni tó bá ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn ní láti yípo gba àwọn ọ̀nà àtijọ́, bíi ti Abẹ́òkúta tàbí ti Ìkòròdú. Ọ̀nà tuntun náà gba ẹ̀gbẹ́ Ṣàgámù kọjá. Ìrìn-àjò yá. Ṣùgbọ́n Èkó kò sún, Ìbàdàn kò sún, ọ̀nà náà kò sì fún ẹnikẹ́ni ní ìdí tuntun láti rìnrìn àjò. Ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ ló jọ ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù rí. Kì í yí ibi tí ìyípadà kan máa parí sí padà. Ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ rárá, ẹ́ńsáìmù kò lè mú un ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà ni ó ń là sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí òkè ńlá dí i lọ́nà.

Irinṣẹ́ tí ó fi ń la ọ̀nà náà kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, dídì mú. Àwọn obìnrin tó ń pa èkùrọ́ máa ń wá òkúta tó ní kòtò, kí èkùrọ́ má baà yọ̀, kí ọmọ òkúta lè bà á níbi tó yẹ. Ojú iṣẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oníbàárà tí ì bá máa fò káàkiri nínú omi dúró sójú kan, ó sì kọjú sí ibi tó yẹ. Èkejì, apá. Nínú ojú iṣẹ́ linamarase ni apá méjì wà tó dojú kọ ara wọn. Ọ̀kan ń ta ásíìdì sí ìsoso náà títí ìsoso fi rọ̀. Èkejì di ṣúgà mú lẹ́yìn, bí ègé tó ní sáyánáìdì sì ti jáde, omi wọlé, ó gba ṣúgà náà sílẹ̀, ojú iṣẹ́ tún ṣófo fún oníbàárà mìíràn. Ẹ́ńsáìmù fúnra rẹ̀ kò dínkù.

Ẹ̀kẹta ló jinlẹ̀ jù. Linus Pauling ló tẹnu mọ́ ọn ní 1946. Bí ojú iṣẹ́ bá bá oníbàárà mu bí ó ti wà ní ìdúró rẹ̀, ìdìmú náà yóò jẹ́ ìsinmi fún un, kò sì ní tú láé. Ohun tí ojú iṣẹ́ bá mu jù ni oníbàárà tó ti tẹ̀ sí ààbọ̀, tó wà ní orí òkè, tí kò tíì di èyí, tí kò sì jẹ́ ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ mọ́. Nípa fífi ara rẹ̀ fún irú ìdúró yìí, ẹ́ńsáìmù sọ orí òkè di ibi tí ó rọrùn láti dé.

5. Èrò Tó Tò Sídìí Ẹ̀rọ

Ní 1913, ní Berlin, Leonor Michaelis àti obìnrin ọmọ Kánádà kan, Maud Menten, fi ìṣirò sọ bí iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù ṣe ń yára sí. Ẹni tó bá mọ ilé ìrin-ẹ̀gẹ́ kò ní ṣàì mọ ìṣirò wọn. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ ẹyọ kan, tí àwọn oníbàárà sì kéré, ìlọ́po méjì oníbàárà yóò mú ìlọ́po méjì iṣẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n bí èrò bá ti tò, tí ẹ̀rọ kò sinmi mọ́, bí ọgọ́rùn-ún agbọ̀n tilẹ̀ tún dé, iṣẹ́ tí yóò jáde láàárín wákàtí kan kò ní lé. Àfi bí ẹ̀rọ bá pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹnì kan tí kò mú ẹ̀gẹ́ wá bá jókòó sẹ́nu ẹ̀rọ tí kò dìde, gbogbo ìlà ni yóò dúró. Ẹ fi ẹni yìí sọ́kàn, a ó tún pàdé rẹ̀.

6. Ohun Tí Ìyá Alágààrí Ń Ṣe

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ àwọn ìyá wa. Ìrin ẹ̀gẹ́ ni ó wó ògiri. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 1990 fi hàn pé láàárín wákàtí 3 tí a bá rin ẹ̀gẹ́, ohun tó ju ìdá 9 nínú 10 linamarin rẹ̀ ti tú. Èyí yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò, pé kíkan tí gààrí kan ni í pa oró rẹ̀. Kíkan dára, ó ń fún gààrí Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ní adùn tí a mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀rọ ni ìtúsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí a kò rin kúnná ní òdidi sẹ́ẹ̀lì nínú, linamarin rẹ̀ kò sì ní pàdé ẹni tí yóò tú u.

Bí linamarase bá tú linamarin, sáyánáìdì kò tíì dá wà. Ó ṣì fara mọ́ ègé kan tó lè dúró pẹ́ bí omi bá kan, tó sì ń yára tú bí kíkan bá dínkù tàbí bí ooru bá pọ̀. Nítorí náà ni a fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ dànù dáadáa, nítorí náà sì ni a fi ń yan án. Sáyánáìdì tó dá wà ń di afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí 26 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìyẹn ni pé ooru ọ̀sán Ṣàgámù nìkan tó láti lé e lọ, áńbọ̀sì iná abẹ́ agbada. Rírin, fífún, yíyan: iṣẹ́ mẹ́ta ni, kò sí èyí tí a lè fi sílẹ̀.

Fùfú àti láfún kò rí bẹ́ẹ̀. A kò rin wọ́n, a rẹ wọ́n sómi ni. Àwọn kòkòrò àìrí inú omi ló ń jẹ ògiri sẹ́ẹ̀lì títí ẹ̀gẹ́ fi rọ̀, iṣẹ́ wọn sì ń gba ọjọ́ 3 tàbí 4. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ fún ọjọ́ kan péré, ògiri rẹ̀ ṣì dúró. Bí a bá sì gbé e lé iná báyìí, ooru yóò pa linamarase, nítorí purotéènì ni, ìkáká rẹ̀ yóò tú bí ẹyin tí a sè. Linamarin ní tirẹ̀ kì í bẹ̀rù iná. Òṣìṣẹ́ kú, oró wà níbẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí sísè nìkan kò fi tó fún ẹ̀gẹ́ kíkorò.

7. Ẹni Tó Jókòó Sẹ́nu Ẹ̀rọ

Kí ni sáyánáìdì ń ṣe nínú ara? Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì wa tí irin wà ní ojú iṣẹ́ rẹ̀. Ọ́síjìn tí a ń mí símú ni oníbàárà rẹ̀. Bí sáyánáìdì bá dé, ó di irin náà mú, ó sì jókòó síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kún fún ọ́síjìn, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kò lè lò ó. Ènìyàn ń kú ikú àìrímí nínú afẹ́fẹ́ tó pọ̀.

Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́dàá kò fi wá sílẹ̀ lásán. Nínú ẹ̀dọ̀ wa ni ẹ́ńsáìmù mìíràn wà, rhodanese. Òun a máa gba imí-ọjọ́ láti ara ohun kan, a sì gbé e lé sáyánáìdì, yóò sọ ọ́ di ohun tí oró rẹ̀ kéré, tí a ń tọ̀ jáde. Ibo ni imí-ọjọ́ yìí ti ń wá? Láti inú ẹ̀wà, ẹja, ẹyin àti ẹran tí a jẹ. Ẹni tó ń fi ẹ̀pà àti ẹja mu gààrí kò ṣe fàájì lásán. Ẹni tí gààrí nìkan jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, rhodanese rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí yóò fi ṣiṣẹ́. Ohun tí a ń tọ̀ jáde náà, bí ó bá pọ̀ lára, ń dí ayodíìnì lọ́nà, ó sì lè dá kún gẹ̀gẹ̀.

8. Ọ̀sọ́sà, Nampula àti Bandundu

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan ni mo ń sọ. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣèwádìí àrùn kan tó ń mú ẹsẹ̀ kú tipiri, tó ń ba ojú àti etí jẹ́, láàárín àwọn tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ púpọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ àti ní Ọ̀sọ́sà, ìlú Hubert Ogunde, tí kò jìnnà sí wa níbí. Ó ka sáyánáìdì díẹ̀díẹ̀ láti inú ẹ̀gẹ́ sí okùnfà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, O. S. A. Oluwole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún padà sí Ọ̀sọ́sà, wọ́n rí i pé àrùn náà ṣì wà, ṣùgbọ́n wọ́n ṣiyèméjì bóyá sáyánáìdì nìkan ló fà á. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ìhà méjèèjì.

Níbòmíràn, ẹ̀rí fara hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1981, nígbà ọ̀dá ní Nampula, orílẹ̀-èdè Mozambique, ohun tó lé ní 1,000 ènìyàn, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé, ni ẹsẹ̀ wọn rọ lẹ́yìn tí ebi mú wọn jẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò tí a kò ṣe dáadáa. Ní Bandundu ní Kóńgò, kì í ṣe ọ̀dá ló fà á. Ọ̀nà ọkọ̀ tuntun ló mú òwò ẹ̀gẹ́ sí Kinshasa gbilẹ̀. Ọjà ń fẹ́ ẹ̀gẹ́ kíákíá, ìrẹ̀sómi tó yẹ kó jẹ́ alẹ́ 3 wá di alẹ́ 1 tàbí 2, àrùn konzo bá wọ abúlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, nítorí pé àwa náà wà lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, Èkó sì ń ké pe ẹ̀gẹ́ wa lójoojúmọ́. Ọ̀nà lè mú ìrìn-àjò yá, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tó lè bá kòkòrò inú omi dín ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kù.

9. Ohun Tó Kù fún Wa

Ìmọ̀ràn mi mẹ́ta ni. Èkíní, kí àwọn tó ń ṣe fùfú àti láfún fún ọjà má ṣe dín ọjọ́ ìrẹ̀sómi kù nítorí owó. Láfún tí a bá fura sí ṣì ní àtúnṣe: Howard Bradbury ní Australia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bí a bá pò ó pọ̀ mọ́ omi, tí a sì tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́ sóòrùn fún wákàtí 2, tàbí síbòòji fún wákàtí 5, linamarase tó kù nínú rẹ̀ yóò jí, yóò sì parí iṣẹ́ tó kù. Lẹ́yìn náà kí a rò ó jẹ lọ́jọ́ náà. Èkejì, kí a má ṣe jẹ ẹ̀gẹ́ láìfi ẹ̀wà, ẹ̀pà tàbí ẹja sí i. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ní èdè wa. Ìkẹ́nnẹ́ ni Tai Solarin dá Mayflower sílẹ̀ sí ní 1956, Ìkẹ́nnẹ́ náà ni IITA ní ọ̀kan nínú àwọn oko ìwádìí rẹ̀. Kò sí ìdí tí ọmọ Rẹ́mọ yóò fi ka ẹ́ńsáìmù sí ohun àjèjì. Ẹ ra hydrogen peroxide díẹ̀ ní ilé oògùn, ẹ kán an sórí ẹ̀dọ̀ ẹran tútù, ẹ tún kán an sórí èyí tí a ti sè. Tútù yóò hó, yóò ru fóòmù. Èyí tí a sè yóò dákẹ́. Ọmọ tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé pé iná lè pa òṣìṣẹ́.

Àwọn ìyá wa kò mọ orúkọ linamarase, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ṣe ń fún un láyè kí ó ṣiṣẹ́. Ìmọ̀ tiwọn ti wà kí tiwa tó dé. Ohun tí tiwa fi kún un ni ìdí rẹ̀, ìdí yìí ló sì lè jẹ́ kí a mọ èyí tí a lè gé kúrò nínú iṣẹ́ náà àti èyí tí a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láéláé.